Eyín Mi fún Ojú Bàbá Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé yíyọ eyín kì í ṣe nǹkan bàbàrà, mà á ní kó la ẹnu kí n ka iye eyín tó ti yọ nínú tirẹ̀. Gbogbo àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́dún tí mo yọ tèmi ni eyín wọn pé ṣáká, tí wọ́n ń fi fọ́ egungun adìyẹ.

Eyín tí mò ń wí yìí ni èyí tó kẹ́yìn pátápátá nísàlẹ̀ lápá òsì, èyí tí wọ́n ń pè ní eyín ọgbọ́n. Kò mú ọgbọ́n kankan bá mi wá. Dípò kó hù sókè bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe ló dùbúlẹ̀ gbalaja sínú egungun àgbọ̀n mi, tó forí ti eyín tó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, èrìgì ibẹ̀ á wú, etí á máa ro mí, mi ò ní lè la ẹnu tó ìka méjì. Mà á fi kànáfùrù há a, mà á fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, mà á lo oògùn, á rọlẹ̀, èmi náà á sì ṣe bí ẹni pé kò ní padà wá mọ́. Dókítà eyín tí mo lọ bá nílé ìwòsàn kan nítòsí Lásùnwọ̀n, ládùúgbò tí mò ń gbé ní Ìkòròdú, ti sọ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé eyín yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n á kàn fà tu, pé iṣẹ́ abẹ ló máa gbé e kúrò. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbọ́ ọ tí mi ò lọ.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ojú bàbá mi ń kú lọ ní Ẹ̀pẹ́. Alfa ni bàbá mi. Ìta ilé wa ló ti kọ́ ọmọdé ní kéwú fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, àwọn kan nínú àwọn ọmọ kéwú náà sì ti di bàbá àgbà báyìí. Awọ funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, bí ìgbà tí èéfín bá bo gíláàsì àtùpà. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dún tí ìyá mi kú, a sì rò pé ẹkún ni. Nígbà tó yá, ó da omi gbígbóná sẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ó ní ife ni kò dáa. Ó ṣubú sí gọ́tà iwájú mọ́sáláṣí, ó ní ìjọba ni kò bo gọ́tà. Èyí tó wá dùn mí jù ni ohun tí àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, pè mí láti sọ. Ó ní Bàbá jókòó síta pẹ̀lú Àlùkùránì lórí itan bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó ń kà á sókè, ó ń ṣí ojú ìwé níbi tó yẹ kó ti ṣí i. Ó ní òun kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó rí i pé ìwé náà dorí kodò.

Awọ yẹn kì í ṣe ohun tí kò gbóògùn. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni, ẹni tó bá lọ láàárọ̀ á padà sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ìwòsàn ojú dá ọjọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ̀ ẹ́. Àkọ́kọ́, ó ní ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó wọ mọ́sáláṣí láti Àsùbáà, kò jáde títí wọ́n fi kí Àyìlà tán. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni, ìran àwọn tí wọ́n fi ìlú Èkó sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ò fẹ́ tẹrí ba fún, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ tẹ ibòmíràn dó. Ta wá ni dókítà tó máa ní kó dùbúlẹ̀? Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀sì sọ fún àbúrò mi láìfi bò pé bí Bàbá ò bá wá lọ́jọ́rú tí àwọn dá fún un yìí, ẹlòmíràn lọwọ́ á kàn, ìsàlẹ̀ ìwé ni orúkọ rẹ̀ á padà sí, àwọn ò sì mọ ìgbà tó tún máa gòkè.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán.

"Ìwọ tí eyín ń dà láàmú láti ìjọ́ yìí, tó ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, ìwọ lò ń lé mi lọ síbi tí wọ́n á ti ki abẹ bọ̀ mí lójú?"

"Bàbá, eyín yàtọ̀ sí ojú."

"Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n bá ba eyín kan jẹ́ fún ẹ, ìyókù ń bẹ níbẹ̀. Ojú mélòó lèmi ní?"

Àbúrò mi yíjú sí ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá wá fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní kí n lọ yọ eyín mi ná. Bí mo bá yọ ọ́ tán, kí n wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n jẹun níwájú òun, kí n sì mú eyín náà dání kí òun fọwọ́ bà á. Bí òun bá rí i pé mo sàn, òun á tẹ̀ lé wa lọ lọ́jọ́rú. Bí mi ò bá sàn, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ dókítà létí òun mọ́ títí òun fi máa wọlé sùn nínú erùpẹ̀.

Bó ṣe di pé eyín mi di ohun ìdógò fún ojú bàbá mi nìyẹn. Inú bí mi débi pé mi ò bẹ̀rù mọ́. Ọ̀sẹ̀ ìsinmi àárín sáà là ń wọ̀ níléèwé girama tí mo ti ń kọ́ni, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ ti padà sí yunifásítì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn dókítà eyín.

Dókítà náà kéré débi pé ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi àná. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló gún mi sẹ́nu. Láìpẹ́, ètè mi àti ìdajì ahọ́n mi kú, wọ́n dà bí ti ẹlòmíràn tó wá gbé lójú mi. Ó ní, "Mà, ẹ máa mọ̀ ọ́n bí mo bá ń tì í, àmọ́ kò ní dùn yín. Bó bá dùn yín, ẹ na ọwọ́ òsì sókè." Òótọ́ ló sọ, kò dùn mí. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni ariwo. Ó la èrìgì, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ké wíììn, ó fi ń gbẹ́ egungun tó bo eyín náà, gbogbo rẹ̀ sì ń dún nínú agbárí mi bí ẹni ń gé táìlì nínú ilé ìwẹ̀. Eyín náà kò fẹ́ jáde lódindi, ló bá là á sí mẹ́ta. Ó ń tì, èmi náà ń fi ọrùn ta kò ó láìmọ̀. Láàárín èyí ni nọ́ọ̀sì tó ń fa itọ́ lẹ́nu mi béèrè lọ́wọ́ mi, tọkàntọkàn, pé, "Mà, ẹ ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni yín àbí? Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹja ibẹ̀ dùn ju ti Ìjẹdẹ lọ?" Irin mẹ́ta ló wà lẹ́nu mi. Ó dúró, ó ń retí èsì. Mo na ọwọ́ òsì sókè. Dókítà bá dáwọ́ dúró, ó ní ṣé ó ń dùn mí ni. Ohun tó ń dùn mí nígbà yẹn, abẹ́rẹ́ kò lè pa á.

Kò ju ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ tí wọ́n fi rán ojú rẹ̀ tán. Wọ́n fi òwú há a, wọ́n ní kí n deyín mọ́ ọn. Dókítà jókòó tì mí, ó to òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní mi ò gbọdọ̀ tutọ́, kí n máa gbé e mì. Mi ò gbọdọ̀ yọ ẹnu títí di irú àkókò yìí lọ́la. Láti ọ̀la lọ, kí n máa rọra fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sẹ́nu, kí n sì jẹ́ kó ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Kí n má fi sítúrọ̀ mu nǹkan, kí n má jẹ ohun gbígbóná, kí n gbé omi dídì tí mo fi aṣọ wé lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa wú, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa wú jù, kí n má bẹ̀rù, yóò fò.

"Ẹ̀jẹ̀ tó máa dì sójú ihò yẹn, mà, òun ni ìdérí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kúrò. Bó bá kúrò, egungun á ṣí sílẹ̀, ìrora rẹ̀ á ju ti eyín lọ."

Mo mi orí. Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé mímì orí kọ́ ni gbígbọ́.

Mo délé, mo gbé pió wọ́tà tó ti dì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo jókòó. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Àfi ìgbà tí wọ́n pe ìrun Àláásárì ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa. Láti ọmọ ọdún méje ni bàbá mi ti kọ́ mi ní àlùwàlá, ọmọ tí kò bá sì yọ ẹnu dáadáa, pàṣán á bá a lẹ́sẹ̀. Mo dìde, mo lọ sídìí omi. Mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bu omi sẹ́nu, mo mì í kíkan bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo tu ú dànù. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, nǹkan pupa dúdú kan tó rí bí ẹ̀dọ̀ adìyẹ sì bọ́ sínú básíà. Mo wò ó. Mo ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ti jáde nìyẹn, àlíhámúdùlíláhì. Mo da omi lé e, ó lọ, mo lọ kírun mi, mo tiẹ̀ fi ọpẹ́ kún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé mo yọ ẹnu. Lọ́dọ̀ tèmi, àlùwàlá ni mo ṣe. Yíyọ ẹnu ni èyí téèyàn ń ṣe bó bá jẹun tán.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́.

"Kí lo jẹ?"

"Ògì tútù, Bàbá."

"Ṣé ò ń jẹ̀rora?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí ló dé tóhùn rẹ dà bí ti ẹni tó fi ẹ̀bà sẹ́nu?"

Ọjọ́ kejì, òótọ́ ni mò ń sọ, ìrora náà kò le. Ohun tó le ni aládùúgbò mi. Obìnrin ará Ọ̀ṣun ni, a jọ háyà ilé ni, èèyàn dáadáa ni, Ọlọ́run ló kàn fi ọ̀rọ̀ jíǹkí rẹ̀. Ó wọlé, ó kí mi kú ewu, kú ìrọ́jú, kú ìfaradà, ó sì dúró gba èsì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fọwọ́ júwe ẹnu mi fún un. Ó ní, "Áńtí, ẹ má dá a lóhùn, ẹ sinmi," ó wá béèrè oògùn tí wọ́n fún mi, àti iye ọjọ́ tí mo máa lò, àti bóyá ọkọ mi ti gbọ́. Ó gbé ọbẹ̀ ata wá, ó gbóná fẹlifẹli. Ó ní kí n máa tu itọ́ náà dànù, pé ẹni tó bá ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Ó ní bàbá òun yọ eyín mẹ́fà ní Ìkìrun láìgba abẹ́rẹ́ kankan, ó sì lọ sóko lọ́jọ́ kejì. Ó wù mí kí n pariwo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò ṣí tó láti pariwo.

Ọjọ́ kẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, ó ń dán, ojú mi òsì kéré ju ọ̀tún lọ. Ìyẹn náà, dókítà ti sọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò díẹ̀díẹ̀, mo sì ń ro bí mo ṣe máa wọlé tọ Bàbá lọ́jọ́ kejì bí akọni. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni ìrora náà dé. Kì í ṣe ìrora tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti inú ihò yẹn ló ti ń ta lọ sí etí, ó gba ẹ̀bátí gòkè, ó padà wá sí àgbọ̀n. Oògùn tí mo gbé mì, ìrora náà ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹnu mi ń rùn, èmi fúnra mi ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo pe dókítà.

"Mà, ṣé ẹ yọ ẹnu lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kúrò níbí?"

"Rárá o," mo ní, pẹ̀lú ìgboyà.

"Ẹ wá kí n wò ó lówùúrọ̀ ọ̀la."

Ọ̀la ni Sátidé. Mo ní ó di ọjọ́ Ajé. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé ojú bàbá mi ni mo fẹ́ lọ fi oúnjẹ jíjẹ gbà là?

Títì Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé náà, mo mọ gbogbo kòtò ibẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, egungun àgbọ̀n mi ló ń kà wọ́n. Nígbà tí mo wọlé, àbúrò mi wo ojú mi, ó gbé ọwọ́ lé orí. Mo fi ìka lé ètè. Àwa méjèèjì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń fi ojú sọ̀rọ̀, Bàbá sì jókòó níwájú wa, ó ń wo ibi tí ohùn wa yẹ kó ti wá. Ìtìjú bò mí. Ojú rẹ̀ tí mò ń wá bí màá ṣe gbà là, àìríran rẹ̀ náà ni mò ń fi bo irọ́ mi.

Àbúrò mi ti gbọ́n, ìkọ́kọrẹ́ ló sè, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, kò sí ohun tí mo máa fi eyín rún níbẹ̀. Mo ń rọra gbé e gba apá ọ̀tún. Omi ń dà lójú mi, mo sì ń jẹ́ kí ṣíbí máa dún lára abọ́ dáadáa kó lè gbọ́. Ó ń fetí sílẹ̀ bí ìgbà tó bá ń gbọ́ ọmọ kéwú lẹ́nu ìdánwò.

"Eyín náà dà?"

Mo tú ìwé tí wọ́n fi wé e, mo dà á sí i lọ́wọ́. Ó fi ìka kàn án, ó kà á, ó tún un kà.

"Mẹ́ta ni wọ́n yọ?"

"Ọ̀kan ni, Bàbá. Wọ́n là á ni."

Àbúrò mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́.

"Wọ́n là á." Ó ń yí àwọn èérún náà nínú àtẹ́lẹwọ́. "Ojú ńkọ́, ṣé wọ́n máa là á ni?"

"Wọn ò ní là á, Bàbá. Ẹ wò mí, mo ti sàn, mò ń jẹun."

"Bí mo bá lè wò ẹ́, kí la máa wá lọ ṣe níbẹ̀? Sún mọ́ mi."

Mo sún mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó fi bà mí ní iwájú orí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Mo gbìyànjú kí n má gbọ̀n, ṣùgbọ́n nígbà tí àtàǹpàkò rẹ̀ kan egungun àgbọ̀n, mo ké. Mi ò mọ̀gbà tí mo ké. Mo mọ̀ pé ó ti parí: orúkọ rẹ̀ á padà sísàlẹ̀ ìwé, ìwé tó dorí kodò ni yóò máa kà títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

"Kí ni dókítà sọ fún ẹ?"

Agara ti dá mi. Mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ: má tutọ́, má jẹ ohun gbígbóná, má yọ ẹnu títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì má bàa kúrò.

"O yọ ẹnu?"

"Mi ò yọ ẹnu, Bàbá. Àlùwàlá ni mo—"

Mo tún rí ohun pupa dúdú yẹn nínú básíà. Mo tún rí ara mi tí mò ń dúpẹ́ lé e lórí. Nínú gbogbo wa, mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ lóye rẹ̀.

"Ìrun wo?"

"Àláásárì. Ọjọ́ náà gan-an."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo yọ ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Bàbá mi bínú lọ́jọ́ náà bí mi ò ṣe rí i kó bínú láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́mọdé. Ó ní ta ló kọ́ mi nírú kéwú bẹ́ẹ̀. Ó ní sunna ni yíyọ ẹnu, kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ẹni tó ní egbò lẹ́nu, kó fi í sílẹ̀, àlùwàlá rẹ̀ pé. Ẹni tí omi máa pa lára pátápátá, kò ha ní erùpẹ̀ tó máa fi ṣe tàyámọ́mù? Ó ní ṣé Ọlọ́run ní kí n wá pa ara mi sídìí básíà ni? "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́!" Òwe yẹn kò tíì bọ́ sójú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó tèmi rí. Èmi náà sì ń bínú, mo fẹ́ bi í pé pàṣán ta ló kọ́ mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n àgbà ni, bàbá mi sì ni, ẹnu mi ò sì ṣí.

Nígbà tó bínú tán, ó tún kó èérún eyín náà sọ́wọ́.

"Nítorí náà, dókítà yẹn mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ó sì sọ fún ẹ."

"Ó sọ fún mi, Bàbá."

"A jẹ́ pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ lo ò mọ tìẹ." Ó da eyín náà padà sínú ìwé. "Ọjọ́rú ni wọ́n wí, àbí? Ẹ wá mú mi. Èmi á gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ."

Ọjọ́ Ajé, dókítà mi fi omi oògùn fọ ihò náà, ó ki nǹkan tó ń ta sánsán bí kànáfùrù bọ̀ ọ́, kí n tó dìde lórí àga ni ìrora náà ti ń fi mí sílẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó ní òun á máa bi àwọn Mùsùlùmí lọ́tọ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Ọjọ́rú, a mú Bàbá lọ. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń sọ ìtàn mi: fún awakọ̀, fún àwọn tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, fún nọ́ọ̀sì. "Ẹ sọ òfin yín pátápátá fún mi o, èmi kì í ṣe ọmọ mi." Wọ́n sọ ọ́ fún un. Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ní kí omi má kan ojú náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kó má forí kanlẹ̀, kó jókòó kírun lórí àga. Ó ní òun ti gbọ́. Ó tún mi orí.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo padà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àsìkò Àláásárì ni. Mo ṣí géètì, mo rí Bàbá lórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kẹ́tù àlùwàlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti tutù. Ó kó àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, omi kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, ó ń gbé e lọ sójú.

Gbogbo ohun tí mo ti kó pamọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ yẹn gòkè wá sí mi lọ́fun. Alfa tó fi ìrun Àláásárì kan ṣoṣo bú mi ní gbogbo Ẹ̀pẹ́! Mo la ẹnu, ó sì ṣí dáadáa lọ́jọ́ náà, láti pariwo.

Bàbá gbé orí sókè. Mi ò tíì sọ̀rọ̀. Mi ò tíì kúrò lẹ́nu géètì.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti fò," ó ní. Omi ń jò láàárín ìka rẹ̀. Ó ń wò mí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wò mí bọ̀. "O ti ń jọ ìyá rẹ."

Láti ọdún tí ìyá mi kú, kò tíì rí ojú mi kedere. Mo dì mọ́ irin géètì, ẹkún gbọ̀n mí, inú sì ń bí mi lọ́wọ́ kan náà.

"Ẹ da omi yẹn nù, Bàbá."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó dà á nù.